Ẹ̀kọ́ Láti Tópò



Ní ọdún 1876, àwọn Fadá Ẹgbẹ́ SMA tẹ ìletò àgbẹ̀ kan dó sí Tópò, lẹ́bàá Àgbádárìgì. Wọ́n fún àwọn ìdílé ní ilẹ̀ oko, a sì gbin àgbọn àti ẹ̀gẹ́, kí onígbàgbọ́ lè máa jẹ nínú làálàá ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tí ó di ọkọ́ mú náà ni a ń nà sí Ọlọ́run. Iṣẹ́ kò jìnnà sí àdúrà.

Ìwọ ńkọ́? Bí o bá ṣí ìsọ̀ rẹ ní Mushin lọ́la, tàbí tí o wọ ọ́fíìsì ní Yaba, ǹjẹ́ òṣùwọ̀n rẹ yóò bá àdúrà rẹ ti òní mu?