Kọ̀ǹpútà Kan, Olùlò Púpọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa kọ́ ni a ní kọ̀ǹpútà tiwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń bá ẹlòmíràn pín in lò. Ohun tí ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé ẹnì kan yóò ti ẹ̀rọ pa, yóò lọ jẹun, ẹlòmíràn yóò dé, yóò sì bá ẹ̀rọ tí ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí òun kò mọ̀. Kí ni kí ó ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ènìyàn bá wọlé, Windows yóò ya àyè kan sọ́tọ̀ fún un. Ìjókòó ni n ó máa pe àyè yìí. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ L, ẹ̀rọ yóò tì, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ kò tú ká. Gbogbo ìwé tí ó ṣí sílẹ̀ ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì. Sign out ni ó ń tú ìjókòó ká. Títì yàtọ̀ sí jíjáde.

Pé kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ lo ẹ̀rọ kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ní 1961 ni Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi ètò CTSS han àwọn ènìyàn, èyí tí ó ń pín àkókò ẹ̀rọ láàárín àwọn olùlò. Ní ti Windows, XP ti 2001 ni ó mú Fast User Switching dé. Àmọ́ bí XP bá wà lábẹ́ domain ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó tì í tàbí alábòójútó nìkan ni ó lè ṣí i. Vista ni ó mú ìdènà yẹn kúrò.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ẹ̀rọ ní títì kò nílò ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnikẹ́ni. Kí ó wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá òsì, kí ó yan orúkọ tirẹ̀, kí ó sì wọlé. Ìjókòó ti àkọ́kọ́ yóò wà níbẹ̀ láìyingin. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀. Àwọn kan a máa fún gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ìwọlé kan ṣoṣo. Èmi kò fara mọ́ ọn rárá, nítorí bí iṣẹ́ bá sọnù, ta ni a ó mú?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Mẹ́mọ́rì kì í dá ohunkóhun dúró láìsí iná. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí NEPA bá mú iná lọ (a kò tíì yé pè é bẹ́ẹ̀), tí kò sì sí bátìrì tí ó gbé ẹ̀rọ dúró, gbogbo ìjókòó ló lọ, ti ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ àti ti ẹni tí ó lọ jẹun. Bákan náà ni bí aláìnísùúrù bá di bọ́tìnnì iná mú títí ẹ̀rọ fi kú. Orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá ẹlòmíràn lè bá a lọ. Nítorí náà, Ctrl àti S ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀, kí o tó tẹ Windows àti L.

Bí ìjókòó bá pọ̀ jù, ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré yóò máa wọ́. Alábòójútó lè lọ sí Task Manager, lábẹ́ Users, kí ó lé ẹni tí kò sí nítòsí jáde. Kí ó kọ́kọ́ pe onítọ̀hún lórí fóònù ná, kí ó bi í bóyá ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.