Ọ̀rọ̀ Àṣẹ àti Ọ̀rọ̀ Oníye Nínú Èdè Kọ̀ǹpútà

Ilé Kòkó tí ó dúró ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí a kọ́ parí ní 1965, jẹ́ ẹ̀rí ohun tí kòkó ṣe fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí kòkó tó di owó, ó ní láti kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àgbáyé ń lò, hóró 300 ni a ń là sí méjì. Bí àwọn tí ó ti bu nínú wọn kò bá ju 3 nínú 100 lọ, èyí tí í ṣe hóró 9, kòkó náà lè wọ ipò kìíní. Bí wọn kò bá ju 4 nínú 100 lọ, èyí tí í ṣe hóró 12, ó lè wọ ipò kejì. Bí wọ́n bá ju èyí lọ, kò yege. Hóró tí kòkòrò jẹ àti èyí tí a kò bò tó kí a tó sá a ní òdiwọ̀n tiwọn, ṣùgbọ́n ti hóró tí ó bu nìkan tó fún ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín, èyí tí a ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà.

Oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni ó wà nínú èdè kọ̀ǹpútà. Bí oníṣòwò kan ní ọjà Dùgbẹ̀ bá sọ fún aláàárù pé, "Gbé àpò yẹn kalẹ̀," àṣẹ ni ó pa. Iṣẹ́ di ṣíṣe, kò sì sí iye kankan tí ọ̀rọ̀ náà mú wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé "àrùndínláàádọ́ta," iye ni ó sọ. Ẹ sì wo bí a ti kọ́ iye náà: ogún mẹ́ta di ọgọ́ta, a mú mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta, a mú márùn-ún kúrò, ó ku 45. Iye kan ń gbé inú iye mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó dúró láàárín ọ̀nà láti kọ ọ́ sílẹ̀. Irú èyí ni ọ̀rọ̀ oníye. Ọmọ tí ó bá mọ òǹkà Yorùbá dáadáa ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó rí kọ̀ǹpútà.

Nínú FORTRAN, èdè tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1957, ìṣirò jẹ́ ọ̀rọ̀ oníye, ṣùgbọ́n yíyàn jẹ́ àṣẹ: bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, lọ sí ìlà báyìí. John McCarthy, tí ó bẹ̀rẹ̀ èdè LISP ní Amẹ́ríkà ní 1958, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé yíyàn pàápàá lè ní iye. Èdè ALGOL 60 gba ìmọ̀ràn náà. Nígbà tí ALGOL 68 dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó ní iye.

Ohun tí èyí já sí hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ kòkó. Ká ní ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ ètò ìyẹ̀wò. Ó ṣe àpótí kan, ó pè é ní "ipò." Ó pàṣẹ pé bí hóró tí ó bu kò bá ju 9 lọ, kí a fi "kìíní" sínú àpótí, bí wọ́n bá ju 9 lọ tí wọn kò sì ju 12 lọ, kí a fi "kejì" sí i. Ó gbàgbé ẹ̀ka kẹta. Ẹrù tí ó dára kọjá, "kìíní" wọ inú àpótí. Ẹrù tí ó tẹ̀ lé e ní hóró 20 tí ó bu. Kò sí àṣẹ kan tí ó kàn án. Nítorí náà "kìíní" ti àná ṣì wà nínú àpótí, òun ni a ó sì kọ sí ara kòkó tí ó ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà kò ní ráhùn, nítorí ó ti ṣe gbogbo ohun tí a ní kí ó ṣe. Àgbẹ̀ tí ó sá kòkó tirẹ̀ gbẹ dáadáa ni a rẹ́ jẹ, àti ẹni tí ó rà á pẹ̀lú.

Nínú èdè tí ó gba yíyàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ oníye, a ó kọ ọ́ báyìí: ipò ni "kìíní" bí wọn kò bá ju 9 lọ, tàbí "kejì" bí wọn kò bá ju 12 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ "kò yege." Èdè Rust, tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2015, kò ní gbà kí a fo "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" yẹn. Ètò atúmọ̀ rẹ̀ yóò kọ iṣẹ́ náà kí ẹrù kan tó dé orí òṣùwọ̀n. Python ti béèrè irú ohun kan náà nínú yíyàn oníye rẹ̀ láti 2006, Java sì mú irú rẹ̀ wọlé ní 2020. Kí ẹni tí ń kọ́ Rust ṣọ́ra fún àmì ; : bí ó bá fi í sí ìparí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó mú iye wá, iye náà ti dà nù.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó yẹ kí ó ní iye. Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, fífi nǹkan sínú àpótí pàápàá ní iye. Àmì = ni ti fífi síi, == sì ni ti bíbéèrè bóyá ohun méjì dọ́gba. Ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè bóyá hóró tí ó bu jẹ́ 9, tí ó sì tẹ àmì kan ṣoṣo, ti pa iye tòótọ́ rẹ́, ó ti fi 9 rọ́pò rẹ̀; C yóò sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohunkóhun tí kì í ṣe òdo ni ó kà sí òtítọ́. Nítorí irú èyí ni Python fi kọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ó gbà á ní 2019, àmì mìíràn, :=, ni ó fún un. Àríyànjiyàn rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Guido van Rossum, ẹni tí ó dá èdè náà sílẹ̀, fi ipò olórí sílẹ̀ ní oṣù Keje 2018, lẹ́yìn tí ó ti fọwọ́ sí i.

Fún akẹ́kọ̀ọ́, títẹ ìwé ìyẹ̀wò jáde lè jẹ́ àṣẹ. Ipò tí a ó kọ sínú rẹ̀ ni kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ oníye. Bí yíyàn bá sì ń gbé inú yíyàn dé ìpele kẹta, kí ó já a sí wẹ́wẹ́, kí ó fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kí ẹni tí yóò tún ètò náà ṣe lọ́dún mìíràn lè rí ojú rẹ̀.