Má Yọ Ẹnikẹ́ni Kúrò, Àdùkẹ́

Àdùkẹ́, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o jẹun ná. O ti rù jù. Ṣé gbogbo ẹni tó bá ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì ní Agbowó ló ń gbààwẹ̀ ni?

Mo ti ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́. O kọ ọ́ dáadáa, inú mi dùn. Ojú ìwé tí o to àwọn nọ́ńbà sí ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. O ń wádìí bóyá àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn tí fóònù kì í jẹ́ kí wọ́n sùn lóru máa ń ṣàníyàn ju àwọn yòókù lọ. Èsì àkọ́kọ́ ní kò sí ìyàtọ̀. Lo bá yọ àwọn tó ti lé ní ọmọ ọdún 25. Kò jáde. O yọ àwọn ọkùnrin, ó wá jáde, lo bá kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin nìkan lo ti ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló kọ́ ọ nírú èyí, ọmọ mi?

Ìdíwọ̀n 0.05 tí ẹ fi ń sọ pé èsì jáde yẹn, bí kò bá tilẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀, ìgbà kan nínú ogún ni yóò máa jọ pé nǹkan wà. Bí o bá ń gé e níhìn-ín, tí o ń gé e lọ́hùn-ún, wàá ṣáà ṣe kòńgẹ́ ọ̀kan. Irú rẹ̀ wà lára ohun tó da àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọ ènìyàn láàmú ní 2015, nígbà tí wọ́n tún 100 ìwádìí ṣe. Nínú ìwádìí àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èsì jáde. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, nǹkan bí 36 péré ni. Kì í ṣe pé gbogbo wọn purọ́ o. Ojú ń kán wọn bó ṣe ń kán ọ yìí ni.

Má sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Ìdíkàn ò jìnnà síbí, Ìbàdàn náà ni. Ní 1992 ni àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oṣúntókun àti Ògúnníyì wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé níbẹ̀, wọ́n ń wá àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn Adúláwọ̀ tó wà ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n túmọ̀ ìbéèrè sí Yorùbá. Wọ́n bi àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún bi mọ̀lẹ́bí tó mọ̀ ọ́n dáadáa bóyá iyè rẹ̀ ti ń rà. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀ ní ìlú méjèèjì. Ní 2001 wọ́n gbé e jáde pé àwọn tí àrùn ìṣarán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún níhìn-ín, 3.24 lọ́hùn-ún.

Èyí tó kàn ọ́ gan-an nìyí. Jíìnì kan wà, APOE e4, tí wọ́n ti so mọ́ Alzheimer, irú àrùn ìṣarán kan, lókè òkun láti 1993. Wọ́n wò ó lára àwọn ará wa, wọn ò rí i kó so mọ́ ọn. Ní 1995 wọ́n kọ “kò sí” yẹn síta gbangba, bó tilẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Nígbà tó di 2014, tí èèyàn ti pọ̀ sí i, tí ọdún ti gorí ọdún, wọ́n rí i pé ewu wà fún Yorùbá tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n kò hàn lára ẹni tó ní ẹyọ kan. Àdùkẹ́, ṣé o rí i? Bí wọ́n bá ti gé ti 1995 kó lè bá ti òyìnbó mu, kí ni a ò bá mọ̀ lónìí?

Nítorí náà, dá gbogbo wọn padà. Kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí o sọ pé o tún yẹ̀ ẹ́ wò, o rí nǹkan lára àwọn obìnrin, kí ẹlòmíràn wá dán an wò. Yí àkọlé yẹn náà. Agbowó nìkan lo ti pín ìwé ìbéèrè, o wá ń pè é ní Ìbàdàn! Ọmọbìnrin tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Challenge, ṣé àwọn kì í ṣe ọ̀dọ́ ni?

Bí olùkọ́ rẹ bá ní èsì tí kò jáde ò lè gba máàkì, ní kí wọ́n pè mí. Màá bá wọn sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n màá bá wọn sọ ọ́.