Ta Ló Ń Wa Ọkọ̀ Tí Kò Sẹ́nì Kankan Nínú Ẹ̀?

Oníwàásù kan ló dá a sílẹ̀ lórí rédíò ní ìdájí. Ó ké tantan pé gbogbo ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀, tó ń fi rìmóòtù wa ọkọ̀ ayé wa, bátìrì wọn á kú. Mo ṣe àmín, torí kò sẹ́ni tí kò fẹ́ kí bátìrì ọ̀tá kú. Ṣùgbọ́n kí n tó parí àmín ni etí ti ń ta mí. Ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀, báwo ló ṣe ń wa ọkọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀?

Ẹ má sọ pé oníwàásù nìkan ni. Ládùúgbò wa ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú (ti Kòsọ́fẹ́ ni mò ń wí o, ẹ má gbé mi lọ sí Àpápá), ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń to mọ́tò kékeré onírìmóòtù. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti London: Tamiya TT-02, ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́tò gidi, tí gbogbo ara ẹ̀ wà ní títú nínú páálí. Bí ó bá ti gbé e jáde, àwọn ọmọdé á yí i ká: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ n wà á díẹ̀." Wíwà náà nìyẹn. Oníwàásù àti ọmọ tí ò tíì wọ ṣòkòtò gígùn ń fi ẹnu kan náà sọ̀rọ̀. Tí mo bá máa bá wọn jà, ó yẹ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tí mò ń jà fún.

Inú omi ni ọkọ̀ ti wá. Ẹ ṣí Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ túmọ̀ ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ohun tí Nóà kàn, ọkọ̀ ni. Ohun tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù wọ̀ lórí òkun Gálílì, ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí Fáráò fi lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, kẹ̀kẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kẹ̀kẹ́ iná Èlíjà. Ohun tó bá ń léfòó, ọkọ̀. Ohun tó bá ń yí nílẹ̀, kẹ̀kẹ́. Tí a bá tẹ̀ lé òfin ìgbà náà, gbogbo dáńfó tó ń pèrò ní Mile 12 láàárọ̀ yìí, kẹ̀kẹ́ ló yẹ kí wọ́n máa jẹ́.

Ta ló wá ba òfin jẹ́? Mo fura sí rélùwéè. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ohun tó ń rìn lórí ẹ̀ ní ẹsẹ̀ róbótó, ilẹ̀ ló sì ń rìn, síbẹ̀ àwọn baba wa sọ ọ́ ní ọkọ̀ ojú irin. Èmi ò rí i bí àṣìṣe. Ohun tí wọ́n rí ni èrò tó ń san owó, ẹrù tó kún inú, ibi tí wọ́n ti ń ṣí àti ibi tí wọ́n ń sọ̀ sí. Iṣẹ́ ọkọ̀ gan-an nìyẹn, wọn ò bèèrè ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wá bọ́ sọ́wọ́ báísíkù, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ Márúwá. Ọkọ̀ ní tirẹ̀ gba mọ́tò, ó gba bàálù, ó di ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ òfurufú.

Nígbà tí ọkọ̀ gòkè látinú omi, kò dá wá. Ó kó ará ilé ẹ̀ dání. Gúnlẹ̀ wà lára wọn: imú ọkọ̀ ló ń gún ilẹ̀ létí omi. Lónìí bàálù ń gúnlẹ̀ sí Ìkẹjà láìsí ẹ̀kán omi kan nítòsí, kò sì sẹ́ni tó ń yọ ẹnu sí i. Orúkọ ìlú wa pàápàá, ọ̀rọ̀ èbúté ni. Ẹni tó sọ ọ́ ní Ajégúnlẹ̀ rí ajé bí ohun tó ń bá omi bọ̀, tó sì forí sọlẹ̀ síbí. Odò Ògùn tó wà nítòsí wa ń jẹ́rìí sí i.

Wà náà, ọmọ omi ni. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ń fi àjẹ̀ kó omi sẹ́yìn, mo sì máa ń rò ó pé wà yìí àti wà tó wà nínú ìwakùsà, ìyá kan ló bí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní búra. Èyí tí mo lè búra lé ni pé ohun méjì ló wà nínú wíwà ọkọ̀: ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, àti ara tó wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, awakọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí sítíárì dé, àjẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń wa omi sẹ́yìn lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àfi nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ohun kejì dúró ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń gbàdúrà fún awakọ̀ kí mọ́tò tó ṣí: bí nǹkan bá ṣe é, gbogbo wa ló ṣe. Ọ̀tá tí oníwàásù ń bú ńkọ́? Tí ọkọ̀ ayé mi bá já sí kòtò, ọ̀tá jókòó sílé ẹ̀, ó ń mu tíì. Ẹ má fún un ní wà.

Ẹnì kan lè ní kí a lo tù, nítorí atukọ̀. Ọ̀rọ̀ tó gbayì ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Ẹ kọjá lọ́jà Òwódé-Onírin lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹ óò rí àwọn tó ń tú mọ́tò àlòkù, tí wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀, tí wọ́n ń yọ ilẹ̀kùn lọ́tọ̀. Atúkọ̀ nìyẹn, ohùn òkè ló wà lára tú wọn. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a bọ́ sọ́wọ́ atúkọ̀ nígbà tí a ń wá atukọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin wa sún mọ́ ti Òwódé-Onírin, òdì kejì ẹ̀ ni: títú ni wọ́n bá a, òun ló ń dè é. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun "kọ́" mọ́tò níbẹ̀. Wọ́n ń tò ó, wọ́n ń de nọ́ọ̀tì, wọ́n ń ki jíà. Lẹ́yìn tó tò ó tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Jíà kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tò iná ní eyín 22, ńlá tó kọjú sí i ní 70. Bó ṣe wà yẹn, mọ́tò iná á yí ní ìgbà mẹ́jọ lé díẹ̀ kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ó yọ 22, ó ki 25 bọ̀ ọ́, ó wá di ìgbà méje lé díẹ̀. Eré pọ̀ sí i lójú títì gbọọrọ, ṣùgbọ́n mọ́tò iná ń gbóná, bí ó bá sì yọ nínú kọ́nà, kò tètè gbéra mọ́. Ó tún jẹ́ kí orí táyà iwájú dàgẹ̀rẹ̀ sínú díẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè di ilẹ̀ mú tó bá ń yí kọ́nà. Rédíò kan pe irú iṣẹ́ yìí ní "àtúnṣe". Kí ló bàjẹ́? Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Mẹkáníìkì ní òun ń sẹ́ẹ̀tì í, mo sì ti jùwọ́ sílẹ̀ fún sẹ́ẹ̀tì, torí ó mọ ohun tó ń wí ju àtúnṣe lọ.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rìmóòtù ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1898, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sínú adágún omi ní Madison Square Garden ní New York, ó sì ń fi ìgbì rédíò yí i sọ́tùn-ún sósì láìfọwọ́ kàn án. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rìmóòtù darí, ọkọ̀ ti Crowther ni, ọkọ̀ gidi tó ń léfòó. Mọ́tò ìṣeré pẹ́ kó tó dé: 1976 ni Tamiya ti ìlú Shizuoka ní Japan gbé Porsche 934 tirẹ̀ jáde. Láyé ìgbà yẹn, bí ẹni méjì bá lo ìgbì kan náà, rìmóòtù tèmi lè gbé mọ́tò tìẹ lọ kọ lu ògiri. A jẹ́ pé oníwàásù ní ẹ̀rí díẹ̀. Ìgbì 2.4 gígáháàsì tí wọ́n ń lò báyìí ti so rìmóòtù kọ̀ọ̀kan mọ́ mọ́tò tirẹ̀, nítorí náà kí àwọn ọ̀tá lọ wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Kí ni ká wá fi rọ́pò wà? Darí dára lójú ìwé: orí ni a ń dà sọ́tùn-ún sósì, táyà iwájú sì ni rìmóòtù ń yí. Àléébù ẹ̀ ni pé ó ti wọ kóòtù. Olùdarí eré, olùdarí ilé-iṣẹ́, olùdarí ìpàdé; kò sí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ n darí ẹ̀ díẹ̀." Mo gbìyànjú dà, torí darandaran kì í wọnú màlúù kó tó dà á. Mo fi lọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé ó ń da mọ́tò. Ó bojú wò mí, ó ní, "Dádì, ojoojúmọ́ ni mò ń dà á, ó ń dojú dé nínú gbogbo kọ́nà." Mo gbé dà mi, mo lọ.

Àgbàrá ló yí mi lọ́kàn padà. Ní October 2010, Odò Ògùn kún wọ àdúgbò wa lẹ́yìn tí wọ́n ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi sì wá ń ná òpópónà tí dáńfó ń ná. Mo rí àwọn tó ń fi ọ̀pá tì í, mo sì rí àwọn tó sọ̀kalẹ̀ sínú omi, tí wọ́n ń fọwọ́ fa ọkọ̀ tó kún fún èrò. Wọn ò sí nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo èrò ń pè wọ́n ní awakọ̀, èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń san owó. Ní Ajégúnlẹ̀ gan-an, wà ti bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ kí rìmóòtù tó dé. Ọkọ̀ á ròkun, ọkọ̀ á rọ̀sà, ọkọ̀ á forí fún elébùúté. Ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, èbúté tó gúnlẹ̀ sí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí ọmọdé máa fi rìmóòtù wa mọ́tò wọn, mo ti gbà. Oníwàásù náà lè máa bá wà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ni mi ò ní fún ẹnikẹ́ni tó dúró létí títì. Ọkùnrin tó ń fa ọkọ̀ ní 2010, omi kan náà tó ń halẹ̀ mọ́ èrò ló mù ún dé àyà. Ẹni tí ara ẹ̀ ò sí nínú ewu, kó máa jẹ́ dẹ́rẹ́bà. Ọ̀rọ̀ yẹn ò mọ omi rí, kò sì jẹ ọkọ̀ ní gbèsè kankan.