Òjò Kò Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé Mọ́: Ṣé Kí N Ta Ilẹ̀ Oko Mi?

ÌBÉÈRÈ

Àgbẹ̀ ni mí ní apá Ọ̀dẹ̀dá. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mò ń gbìn. Láyé ìgbà tí èmi àti olóògbé ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù Ẹrẹ́nà, a ó gbin àgbàdo, ọkàn wa á sì balẹ̀. Lọ́dún yìí, òjò náà rọ̀, mo gbìn, oòrùn sì mú un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ, gbèsè irúgbìn sì wà lọ́rùn mi. Ọmọ mi tó ń kàwé ní Alábàtà ní ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí n ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ṣé ìrètí kankan ṣì wà?

Ìyá Àgbẹ̀, Ọ̀dẹ̀dá

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àdánù. Ọlọ́run yóò fi èrè bo òfò yìí.

Ọmọ yín kò parọ́ pé ojú ọjọ́ ti yí padà. Èéfín epo rọ̀bì, gáàsì àti èédú ilẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ ń sun káàkiri àgbáyé ló ń mú ayé gbóná. Ìpín gbogbo Áfíríkà nínú èéfín náà kò ju nǹkan bíi 4 nínú 100 lọ, síbẹ̀ àwa náà là ń jẹ ìyà rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ “kọjá àtúnṣe” yẹn ni mi ò gbà. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn lórí ojú ọjọ́ ní Paris lọ́dún 2015, ìṣirò ìgbà náà ni pé ooru ayé yóò lé ju dígírì 3 lọ kí ọ̀rúndún yìí tó parí. Ní báyìí, ìṣirò ti já wálẹ̀ sí àárín 2 sí 3. Kò tíì tẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló fà á wálẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sí oko yín. Ẹ má fi kàlẹ́ńdà gbìn mọ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí kò bá tíì rin dé ìsàlẹ̀ tó gùn tó ọwọ́ yín, ẹ ní sùúrù. A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi àmù nù: ẹ má gbin gbogbo irúgbìn lọ́jọ́ kan, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín. Ẹ bèèrè àgbàdo tó tètè ń gbó lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ OGADEP, àjọ ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn. Òmíràn wà tó ń gbó láàárín 80 sí 95 ọjọ́. NiMet, àjọ tó ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, náà máa ń sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ọ̀dá ti lè dá.

Ẹ dẹ́kun sísun koríko oko. Ẹ fi bo ebè, kí omi lè pẹ́ nínú ilẹ̀. Láàárín nǹkan bí ọdún 1975 sí 1980 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi bí àgúnmániyẹ̀ sáàárín ohun ọ̀gbìn. Ewé rẹ̀ tí wọ́n bá gé ń bo ilẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ̀gẹ́ yín ní tirẹ̀ mọ ọ̀dá í fara dà: á wọ́wé, á tún rúwé bí òjò bá padà.

Bí ọmọ yín bá ní àlá ni, ẹ sọ ìtàn àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo fún un. Ní Yatenga, ní Burkina Faso, ọ̀dá lé àwọn ará ìlú kúrò ní nǹkan bí ọdún 1980. Òun dúró, ó ń gbẹ́ ihò sórí ilẹ̀ tó ti le koko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń da ìgbẹ́ ẹran sí i, kí omi òjò lè wọlẹ̀. Wọ́n pè é ní wèrè. Nígbà tí yóò fi kú ní 2023, igbó ti dúró níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo. Òjò Ọ̀dẹ̀dá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Yatenga.

Ẹ fún ọmọ náà níṣẹ́. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa omi àti ojú ọjọ́ oko wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà níbẹ̀. Kí ó lọ bèèrè bí a ṣe ń wọn òjò, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo àwọn àgbẹ̀ àdúgbò. Kí ẹ̀yin náà pe ẹgbẹ́ àáró, kí ẹ jọ gbin igi sétí odò, kí ẹ sì jọ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ohun tó ń ṣe fún àgbẹ̀ tí ọ̀dá kọlù. Ohùn ènìyàn kan kì í dé sẹkitéríàtì. Ti ẹgbẹ́ ń dé ibẹ̀.

Ìrètí kì í ṣáájú iṣẹ́ wọ oko, ìyá wa. Ẹ má ta ilẹ̀ lọ́dún tí inú ń bí yín. Ẹ ya abala kan sọ́tọ̀ fún ọ̀nà tuntun yìí títí di ìkórè tó ń bọ̀, ẹ fi ìkórè rẹ̀ wé ti èyí tó kù, kí ẹ tó dá ọmọ yín lóhùn.