ÒǸTẸ̀ ÒWÒ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÀMÌ ÌDÁNIMỌ̀ ILÉ-IṢẸ́ TÍ Ń GBÉ OÚNJẸ WÁ SÍLÉ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́dún yìí kì í ṣe àjèjì sí àdúgbò wa. Ta ni kò mọ̀ pé Ṣómólú ni ibùdó àwọn atẹ̀wé l'Ékòó? Ìwé ìpè ìnáwó, kàlẹ́ńdà, páálí ọjà, ibí ni wọ́n ti ń tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Nínú àwọn ọmọ wa, iṣẹ́ yìí ni àwọn kan yóò fi jẹun lọ́la. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí àmì òwò jẹ́ kí wọ́n tó máa yà á fún ènìyàn.

1. ÌPÌLẸ̀ Ọ̀RỌ̀

Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun ó máa bá a) fẹ́ kọ ìwé sí àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sọ fún un pé àwọn yẹn kì í gba ìwé tí kò ní òǹtẹ̀. Ó ṣe òrùka fàdákà kan, ó sì ní kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sí i ní ìlà mẹ́ta: Muhammad, Rasūl, Allāh. Ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fín irú rẹ̀ sára òrùka tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí dì mú níbẹ̀. Èkíní, òǹtẹ̀ a máa sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí nǹkan ti wá. Èkejì, kì í gùn. Ẹ̀kẹta, a kì í jí i lò.

2. IRÚ ÒWÒ TÍ À Ń SỌ

Òwò kan ti gbilẹ̀ l'Ékòó báyìí. Ilé-iṣẹ́ kan yóò kó ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ jọ sórí fóònù. Oníbàárà yóò yan àmàlà lọ́dọ̀ ìyá kan tàbí ìrẹsì lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, yóò sanwó, ẹni tí a ń pè ní dísípáàṣì yóò sì gùn ún lórí alùpùpù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Hellofood wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. Ní 2016 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Jumia Food, ó sì kógbá wọlé ní ìparí 2023. Glovo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Barcelona ní 2015, dé Nàìjíríà ní 2021. Ọdún 2021 yìí kan náà ni wọ́n dá Chowdeck sílẹ̀ l'Ékòó níbí.

Ẹ kíyè sí i: ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dáná, kò sì ro ọkà. Ohun tí ó ń tà gan-an ni ìgbẹ́kẹ̀lé, pé oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè yóò dé ní pípé, ní gbígbóná. Àmì rẹ̀ ni ojú tí oníbàárà mọ̀ ọ́n sí.

3. ORÚKỌ

Kí orúkọ kúrú, kí ó sì rọrùn lẹ́nu Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ tí a jọ ń gbé ní Bàrígà. Má ṣe fi orúkọ oúnjẹ kan ṣoṣo pè é. Ẹni tí ó bá sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní "Ilé Àmàlà", báwo ni yóò ṣe ta sùyà? Nínú Chowdeck, "chow" ni ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń sọ pijin ń lò fún jíjẹun. Gbogbo oúnjẹ ló gbà á.

4. ÀWÒRÁN ÀTI ÀWỌ̀

Àmì kan náà ni yóò wà lójú fóònù, tí kò ju èékánná lọ, tí yóò sì wà lára àpótí ńlá lẹ́yìn alùpùpù. Nítorí náà, tẹ̀ ẹ́ ní dúdú nìkan, kí o sọ ọ́ di kékeré. Bí a kò bá dá a mọ̀ mọ́, ọnà inú rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní ti àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni fóònù fi ń ṣe tirẹ̀. Íǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Àwọ̀ tí ń tàn yòò lójú fóònù lè ṣú lórí pépà. Pléètì kan sì ni fún àwọ̀ kan. Bí àwọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ni owó ń pọ̀ sí i. Àwọ̀ méjì tó. Glovo ti mú àwọ̀ ìyeyè, Chowdeck ti mú àwọ̀ ewé. Ìwọ wá tìrẹ.

Àpótí náà ní iṣẹ́ mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, tí Bàrígà wà nínú rẹ̀, kún ibi tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ti gbé èrò mọ́. Àmì tí ó hàn kedere lára àpótí ni yóò fi han gbogbo ayé pé ẹrù ni ọmọ yìí ń gbé, kì í ṣe èrò.

5. ÒTÍTỌ́

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí. Má ṣe fi àwòrán ẹran ńlá mẹ́rin sórí oúnjẹ tí yóò dé pẹ̀lú ẹyọ kan. Má sì ṣe tẹ "halal" sára gbogbo báàgì nígbà tí ilé oúnjẹ tí ẹ kó jọ jẹ́ ogún, tí o kò sì mọ ẹni tó pa ẹran ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí tí o bá yẹ̀ wò tí ó dá ọ lójú nìkan ni kí o fi àmì náà sí. Ẹni tó ya àmì irọ́ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti di alábàápín nínú ẹ̀tàn náà.

6. ÒFIN

Fífi orúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC nìkan kò dáàbò bo àmì. Òfin àmì òwò ti ọdún 1965 ni ó ń ṣe èyí: ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, tí a bá tún un ṣe, ọdún 14. Bí oníbàárà bá sì ní kí o da àmì ẹlòmíràn kọ fún òun, dá owó rẹ̀ padà. Olè ni.

ÌBÉÈRÈ

(a) Kí ni ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí a rí nínú òrùka òǹtẹ̀?
(b) Kí ló dé tí orúkọ oúnjẹ kan kò fi yẹ ilé-iṣẹ́ báyìí?
(d) Ya àmì kan ní dúdú, kí ó má ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Fi han ìyá rẹ. Bí kò bá mọ ohun tó jẹ́, tún un yà.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Āmīn.