Ta Ni Ṣọ́jà Inú Fọ́tò Yìí?

Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n gbé fọ́tò ṣọ́jà àtijọ́ kọ́ sára ògiri. Orúkọ kan ni gbogbo ilé máa ń pe ẹni inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò níhìn-ín ni ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà mọ ẹni tí irú ṣọ́jà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Èrò mi ni pé aṣọ ológun lè sọ àkókò fún wa, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ni orúkọ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ní agbo ilé kan ní Ìṣẹ́yìn, tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì ló lọ sí ogun Hítílà. Ẹ̀gbọ́n kú sí Bọ́mà. Ìwé tí ìjọba fi túfọ̀ rẹ̀ ní 1944 ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí. Àbúrò padà wálé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, ti ẹ̀gbọ́n ni ilé sì ń pè é. Àwọn ọmọ àbúrò ní bàbá àwọn ni. Ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà kí wọ́n tó ní kí n bá àwọn wò ó.

(a) Ilà ojú: Àbàjà ló wà lójú ọkùnrin náà, bíi ti ìdílé wọn. Ọmọ ilé ni, ṣùgbọ́n ọmọ bàbá kan náà kì í kọ ilà ọ̀tọ̀. Ilà kò lè parí ìjà yìí.

(b) Àmì apá aṣọ: Alántakùn dúdú ló wà níbẹ̀. Àmì Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943, tó sì jà ní àfonífojì odò Kaladan ní Bọ́mà ní 1944. (Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn ni ti Dífíṣọ̀n 82.) Fọ́tò náà kò lè ṣáájú 1943. Ṣùgbọ́n inú Dífíṣọ̀n 81 ni àwọn méjèèjì wà.

(d) Ríbọ́ọ̀nù: Méjì ló wà lókè àpò àyà òsì. Ìlà mẹ́ta tó dọ́gba ló wà lára àkọ́kọ́. Ti 1939–45 Star nìyẹn. Ìlà méje ló wà lára èkejì, ti àárín ló sì fẹ̀ jù. Ti Burma Star ni. Ọdún 1945 ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àmì ẹ̀yẹ yìí sílẹ̀. Ẹni tó kú ní 1944 kò lè fi í sáyà ya fọ́tò.

(e) Ẹnu àgbà: Kí n tó sọ ohun tí mo rí fún ẹnikẹ́ni, mo lọ bá àbúrò wọn obìnrin, ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó mọ àwọn méjèèjì. Màmá ní ẹni tó padà wálé ni, pé òun tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò nígbà tó ti ogun dé. Mo ní, “Ẹ̀yin Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?” Wọ́n ní, “Ta ló bi mí?”

Ìjà parí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n di ẹni tí kò ní fọ́tò mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló kù tí a lè wá. Orúkọ àwọn ọmọ-ogun tí a kò mọ ibojì wọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, ló wà lára Rangoon Memorial ní Taukkyan, ní Bọ́mà. Ẹ kíyè sí i pé àwọn akọ̀wé ológun sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá fún ṣọ́jà wa, irú bíi Sàlámì Ìbàdàn. Ẹni tó bá ń wá orúkọ ìdílé nìkan lè má rí ẹni rẹ̀ láéláé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ gbé fọ́tò ilé yín tọ àgbà lọ. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n bá dá sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ má sì gbàgbé láti bi àwọn ìyá.